Ọkọ̀ Òfurufú Àfọwọ́kàn Tí Kò Lórùlé: Bí Wọ́n Ṣe Ń Fò Ó Nígbà Òtútù

(Àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ ohùn òwúrọ̀ Àìkú, fún ẹ̀yin tí ẹ kò ráyè gbọ́ ohùn.)

  Ìyá wa kan nínú gúrúùpù yìí ló béèrè ọ̀rọ̀. Ọmọ wọn tó wà ní Minnesota, ní Amẹ́ríkà, ló sọ fún wọn pé ẹnìkan níbi iṣẹ́ òun fọwọ́ ara rẹ̀ kan ọkọ̀ òfurufú kékeré, tí kò lórùlé, pé àwọn jọ máa fò ó lóṣù Janúárì. Ìyá wa ní ṣé kì í ṣe wèrè nìyẹn. Kì í ṣe wèrè, ìyá wa. Ṣùgbọ́n ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n là á yé wa, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ máa bi ọmọ yín.

Ní Minnesota yẹn gan-an ni ọ̀kan nínú irú ọkọ̀ yìí tó lókìkí jù ti bẹ̀rẹ̀. Bernard Pietenpol lorúkọ ọkùnrin náà, mẹkáníìkì ni, abúlé Cherry Grove ló ń gbé, òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ́ ara rẹ̀ níṣẹ́ náà. Ní 1929, ó gbé ẹ́ńjìnnì mọ́tò Ford Model A, tí agbára rẹ̀ tó ti ẹṣin 40, sórí ọkọ̀ tó fi igi àti aṣọ ṣe, ó sì gbéra. Air Camper ni wọ́n ń pè é. Ní 1932, wọ́n tẹ àwòrán bí wọ́n ṣe ń kàn án sínú ìwé fún aráyé, títí dòní làwọn èèyàn ṣì ń kàn án nílé. Èrò kan níwájú, awakọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, apá ọkọ̀ lókè orí, dígí kékeré kan lọ́kánkán ojú. Ó parí. Atẹ́gùn ló kù.

Ìjọba wọn fàyè gbà á. Ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ kan èyí tó pọ̀ jù lára ọkọ̀, FAA, ìyẹn ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó òfurufú, ní ètò bí wọ́n ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó fún un níwèé. Àmọ́ ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa o. Lẹ́yìn ìwé yẹn, ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fò fún ìdánwò. Wákàtí 25 tàbí 40 ló sábà máa ń jẹ́, kò sì gbọ́dọ̀ gbé èrò ní gbogbo àsìkò yẹn. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ kọ “Experimental” síbi tí èèyàn ń gbà wọlé, kí èrò mọ irú ọkọ̀ tóun ń wọ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sórí òtútù. Ẹ̀yin tí ẹ ti gun àcháàbà láàárọ̀ ọyẹ́ rí, ẹ mọ̀ pé òtútù ẹni tó dúró àti ti ẹni tó wà lórí ìrìn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ìdí ni pé ara wa máa ń mú afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́ kan tó yí wa ká gbóná. Atẹ́gùn ló ń gbá ìyẹn lọ, ara á tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Air Camper máa ń sáré tó kìlómítà 110 ní wákàtí kan. Òdo ni omi ti ń dì. Tí òtútù bá wà ní dígírì 5 lábẹ́ òdo, lára awọ tí kò fara pamọ́, pẹ̀lú irú eré yẹn, ńṣe ló máa dà bíi dígírì 18 lábẹ́ òdo. Bí wọ́n bá sì ṣe ń lọ sókè ló ń le sí i: ó tó dígírì 2 fún gbogbo ẹsẹ̀ bàtà 1,000.

Ibi tí ewu wà gan-an nìyí. Òtútù kì í kéde ara rẹ̀. Á kọ́kọ́ mú ọwọ́, ìka ò ní mọ ohun tó dì mú mọ́. Èèyàn á máa gbọ̀n. Tó bá pẹ́ sí i, ọpọlọ á bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀, ẹni náà á sì gbà pé kò sí nǹkan tó ń ṣe òun. Ẹni tí òtútù ti mú lọ́pọlọ kọ́ ló yẹ kó máa pinnu ìgbà tó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe fi ń ti orí ilẹ̀ pinnu rẹ̀: ìṣẹ́jú mélòó la máa lò, ibo la ti máa yí padà. Tí àsìkò bá pé, wọ́n á sọ̀, bí ara bá ń sọ pé ó dára, bí kò bá sọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó sórí ẹrù tírélà lóru ọyẹ́ nítorí owó ọkọ̀, ọwọ́ tó ti kú ò lè di okùn mú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti ibùdókọ̀ bá dẹ́rẹ́bà sọ ọ́, ibi tó máa ti dúró kí ẹ lè sọ̀ yáná.

Èrò iwájú yẹn ló tiẹ̀ ká mi lára jù, ìyá wa. Tí òtútù bá ti ń pa awọ ojú, ó máa ń funfun tàbí kó rí bí eérú, kì í sì í dun ẹni tó ń ṣe mọ́. Ẹlòmíì ló máa ń rí i. Awakọ̀ tó wà lẹ́yìn, ìpàkọ́ èrò ló ń wò, kò rí ojú rẹ̀. Ariwo ẹ́ńjìnnì ò sì jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ara wọn. Nítorí náà, wọ́n gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan lórí àmì ọwọ́ kí wọ́n tó gbéra: tí mo bá gbé ọwọ́ òsì sókè, jẹ́ ká sọ̀, má béèrè ìdí.

Ọkọ̀ náà ńkọ́? Òtútù ní oore tó ń ṣe é. Afẹ́fẹ́ á ki, ẹ́ńjìnnì á lágbára, apá á sì gbé e kíákíá. Ṣùgbọ́n ìrì tó dì sórí apá, tó kàn rí ṣákiṣàki bíi sáńpépà, lè mú tó 30 nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí apá fi ń gbé ọkọ̀ lọ. Wọ́n gbọ́dọ̀ nù ún tán pátápátá. Ọ́ìlì náà máa ń ki, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ooru rọ ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó sí i. Omi díẹ̀ tó bá wà nínú epo lè dì, kó dínà epo.

Kàbúrétọ̀ tún wà níbẹ̀. Tí pẹtiróòlù bá dà sí wa lọ́wọ́, ṣé ẹ mọ̀ pé ó máa ń tutù? Bó ṣe ń di oru ló ń fa ooru kúrò lára ohun tó yí i ká. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣe nínú kàbúrétọ̀. Omi inú afẹ́fẹ́ á dì síbẹ̀, á máa fún ẹ́ńjìnnì lọ́rùn. Ó tiẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí kò tutù púpọ̀, tí afẹ́fẹ́ bá ti rin. Wọ́n máa ń fi ọ̀pá kan darí afẹ́fẹ́ gbígbóná láti ẹ̀gbẹ́ sàlẹ́ńsà wọ inú rẹ̀ kí yìnyín náà yọ́.

Ọ̀pọ̀ irú ọkọ̀ yìí ò ní ohun tí wọ́n fi ń ṣíná. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí abẹ̀bẹ̀ iwájú rẹ̀. Lórí yìnyín, ẹsẹ̀ lè yọ̀, kó gbé èèyàn sínú abẹ̀bẹ̀. Ọmọ yín ò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn.

Ìyá wa, ẹ bi í báyìí: Ṣé ọkọ̀ náà ti parí wákàtí ìdánwò? Ṣé awakọ̀ yẹn ti fò nígbà òtútù rí? Ìṣẹ́jú mélòó ni wọ́n máa lò? Àmì wo ni wọ́n jọ mọ̀? Aṣọ wo ló máa wọ̀? Tí ó bá ní súẹ́tà kan tó, kó jókòó sílé. Aṣọ onírun àgùntàn ni kó kan ara, torí aṣọ òwú máa ń mu òógùn, á sì tutù. Kó bo gbogbo ojú, kó ki etí ìborùn rẹ̀ sínú ẹ̀wù, kó má máa fẹ́. Kó sì múra bí ẹni tó máa fẹsẹ̀ rìn délé, torí tí ẹ́ńjìnnì bá kú, inú oko ẹlẹ́ni ni wọ́n máa balẹ̀ sí, nínú yìnyín.

Tó bá rí èsì sí gbogbo rẹ̀, ẹ jẹ́ kó lọ. Tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá ń fi ẹ̀rín dáhùn, kó dúró de ìgbà ooru. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó fi ohùn sílẹ̀. Ọjà á tà o.