Bíbọ̀ Jésù lẹ́ẹ̀kejì: ohun tí Ìjọ Àgùdà gbà, àti ibi tí òun àti àwọn ìjọ mìíràn ti yapa

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, fídíò oníwàásù kan láti Gúúsù Áfíríkà tàn ká orí TikTok. Ó ní ọjọ́ 23 tàbí 24 oṣù náà ni Jésù yóò wá kó àwọn tirẹ̀ lọ. Ọjọ́ pé, ọjọ́ kọjá, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Irú ìkéde báyìí máa ń jí àríyànjiyàn àtijọ́ dìde. Ọmọ ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì á ní Àgùdà kò gba ìgbàsókè gbọ́. Àgùdà á ní àwọn baba ìgbàgbọ́ kò fi irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ lélẹ̀. Kí ni wọ́n ń jà lé lórí gan-an?

Kí ni gbogbo wọn jọ gbà?

Pé Jésù yóò padà wá kò sí lára ìjà náà. Ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù ṣe ní Nísíà ní ọdún 325, tí wọ́n sì fẹ̀ lójú sí i ní 381, sọ gbangba pé yóò wá ṣèdájọ́ àti alààyè àti òkú. Àgùdà ń kà á, Áńgílíkà ń kà á. Nínú gbogbo Máàsì pàápàá, ìjọ Àgùdà máa ń kéde ikú àti àjíǹde Olúwa títí yóò fi dé. Ẹni tó bá ní Àgùdà kò retí Jésù ti fẹ̀sùn tí kò rí bẹ́ẹ̀ kàn wọ́n. Ètò bíbọ̀ náà ni wọn kò fohùn ṣọ̀kan lé lórí: ohun tó ṣáájú, ohun tó kẹ́yìn, àti iye ìgbà tí yóò wá.

Níbo ni ọ̀nà ti pín?

Orí ogún Ìwé Ìfihàn ni. Jòhánù rí i níbẹ̀ pé a de Sátánì fún ẹgbẹ̀rún ọdún, àwọn tó kú nítorí Jésù sì ń jọba pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn Kristẹni ti gbà kà á.

Àwọn kan ní Jésù ni yóò kọ́kọ́ dé, yóò sì jọba lórí ilẹ̀ ayé yìí fún ẹgbẹ̀rún ọdún gbáko. Èrò yìí kì í ṣe ti òní: Justin, tí wọ́n pa ní Róòmù nítorí ìgbàgbọ́, àti Irenaeus, bíṣọ́ọ̀bù Lyon, dì í mú ní ọ̀rúndún kejì. Àwọn mìíràn ní ìhìn rere yóò kọ́kọ́ tún ayé ṣe fún àkókò gígùn kí Jésù tó padà. Àwọn kẹta ní àkókò ìjọ tí a wà nínú rẹ̀ yìí gan-an ni ẹgbẹ̀rún ọdún náà, àpẹẹrẹ sì ni iye yẹn. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní Àríwá Áfíríkà, tó kú ní 430, ló fẹsẹ̀ èyí múlẹ̀, lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ ti di èrò àkọ́kọ́ mú rí. Ọ̀nà Augustine ni Ìjọ Àgùdà ń tọ̀. Àwọn ọmọlẹ́yìn Luther kò jìnnà sí i: ìjẹ́wọ́ tí wọ́n kà ní Augsburg ní Jámánì ní 1530 kọ ẹ̀kọ́ pé àwọn olódodo yóò gba ìjọba ayé kí àjíǹde tó dé.

Ìgbàsókè ńkọ́?

Ẹ̀kọ́ tó gbalẹ̀ jù láàárín àwọn Pẹ́ńtíkọ́sì ni pé Jésù yóò kọ́kọ́ wá gba ìjọ sókè kí ìpọ́njú ńlá tó bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò wá ní gbangba. John Nelson Darby, tó ti ṣe àlùfáà Áńgílíkà rí ní Ireland, ló tan ẹ̀kọ́ yìí kálẹ̀ láti àwọn ọdún 1830, tó sì gbé e dé Amẹ́ríkà. Ní 1909, Cyrus Scofield tẹ Bíbélì kan tó fi irú àlàyé yìí sí abẹ́ ẹsẹ Ìwé Mímọ́, ẹ̀kọ́ náà sì wọ ilé àìmọye èèyàn. Nílẹ̀ wa, Ìjọ Deeper Life, tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1973 gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ ẹ̀kọ́ Bíbélì tí W. F. Kumuyi ń darí, ka ìgbàsókè, ìpọ́njú ńlá àti ìjọba ẹgbẹ̀rún ọdún mọ́ àwọn ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ rẹ̀.

Tẹsalóníkà Kìíní, orí kẹrin, ni wọ́n fi ń gbè é lẹ́sẹ̀: Pọ́ọ̀lù ní a ó gba àwọn tó wà láàyè sókè láti pàdé Olúwa. Wọ́n tún ń tọ́ka sí orí karùn-ún, pé Ọlọ́run kò yan àwọn tirẹ̀ fún ìbínú. Àgùdà ń ka ẹsẹ kan náà, ṣùgbọ́n ó ní ìró kàkàkí àti ohùn olórí áńgẹ́lì wà níbẹ̀, kò sì sí ohun ìkọ̀kọ̀ nínú ìyẹn. John Chrysostom, tó kú ní 407, ti ṣàlàyé ìpàdé náà tipẹ́: bí ọba bá ń bọ̀, àwọn ẹni iyì ìlú á jáde lọ pàdé rẹ̀ lọ́nà. Lójú Àgùdà, ọjọ́ kan ṣoṣo ni bíbọ̀, àjíǹde àti ìdájọ́.

Kátíkísìmù, ìwé ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ tí Ìjọ Àgùdà gbé jáde ní 1992, tún sọ ohun tó le ju ìyẹn lọ: ìjọ yóò la ìdánwò ìkẹyìn kọjá, ìdánwò tí yóò mi ìgbàgbọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. A kò ní gbé ìjọ sá fún un. Kátíkísìmù náà tún kọ ìrètí ìjọba ẹgbẹ̀rún ọdún lórí ilẹ̀ ayé. Ní 1944 pàápàá, Róòmù ti dáhùn pé a kò lè fi ẹ̀kọ́ náà kọ́ni láìséwu, kódà irú rẹ̀ tí wọ́n ti mú rọ̀.

Àwọn tó ti kú ń ṣe kí ni báyìí?

Àríyànjiyàn yìí ti ṣẹlẹ̀ nínú Àgùdà fúnra rẹ̀. Láti 1331, Póòpù John Kejìlélógún wàásù ní Avignon ní Faransé pé àwọn ẹni mímọ́ tó ti kú kò tí ì rí Ọlọ́run lójúkojú, ó di ọjọ́ ìdájọ́. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ní Paris ta kò ó, ó sì yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà kó tó kú ní 1334. Ní 1336, ẹni tó rọ́pò rẹ̀, Benedict Kejìlá, fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ọkàn tó mọ́ ń rí Ọlọ́run láìdúró de ìdájọ́ ìkẹyìn. Ìdí nìyí tí Àgùdà fi ní ìdájọ́ méjì: ti ẹnì kọ̀ọ̀kan nígbà ikú, àti ti gbogbo ayé nígbà tí Jésù bá dé. Àwọn tí ìwẹ̀nùmọ́ kù fún wà ní pọ́gátórì, àdúrà alààyè sì ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì kọ pọ́gátórì. Ní ti àwọn Adventist, òkú ń sùn títí di àjíǹde.

Ta ló lè dá ọjọ́?

Jésù ní kò sí ẹni tó mọ ọjọ́ náà bí kò ṣe Baba. Síbẹ̀, William Miller ní Amẹ́ríkà wàásù pé Jésù ń bọ̀, títí àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ fi dúró dè é ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá ọdún 1844, tí ìrètí wọn sì já sófo. Harold Camping dá ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún ọdún 2011, ó tún sún un sí oṣù Kẹwàá. Ìgbà méjèèjì ló kùnà. Àpérò Látéránì Karùn-ún, ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù Àgùdà, ti fòfin de irú rẹ̀ ní 1516, ọdún kan kí Luther tó bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe: oníwàásù Àgùdà kankan kò gbọdọ̀ dá ọjọ́ ìdájọ́ tàbí ọjọ́ tí Aṣòdì-sí-Kristi yóò dé.

Lórí èyí, ẹni tó gba ìgbàsókè gbọ́ àti ẹni tí kò gbà á gbọ́ lè jọ dúró. Wọ́n lè máa jiyàn lórí ẹgbẹ̀rún ọdún lọ, nítorí àwọn ènìyàn mímọ́ ti ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọ̀rúndún kejì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mú ọjọ́ jáde ti kúrò nínú ìgbàgbọ́ méjèèjì. Ẹ má torí rẹ̀ ta ilẹ̀, ẹ má fi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kó dẹ́rù ba àwọn ọmọ yín.