Bátìrì Sólà Inú Ilé: Ẹ Wo Sẹ́ẹ̀lì Kọ̀ọ̀kan

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kan ọ̀pọ̀ ilé ní ìlú ńlá àti ní abúlé: ọ̀rọ̀ bátìrì tí à ń fi sólà cháàjì ni. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí Ìjọba Àpapọ̀ Nàìjíríà kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń wá ohun tí yóò máa tan iná fún wọn láìra epo sí jẹnẹrétọ̀. Àwọn kan ra bátìrì tí ilé-iṣẹ́ ti dì pa. Àwọn mìíràn lọ bá oníṣẹ́, ó bá wọn ra sẹ́ẹ̀lì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì tò wọ́n sínú àpótí. Kò sí ohun tí ó burú nínú èyí. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó tò ó kò bá mọ ohun kan tí mo fẹ́ sọ yìí, owó ńlá tí ẹ ná lè ṣòfò kíákíá, ewu iná sì lè wọ inú ilé.

Bátìrì tí à ń wí yìí kì í ṣe bátìrì olómi, èyí tí a fi òjé àti ásíìdì ṣe, tí a ti mọ̀ lára mọ́tò láti ọjọ́ pípẹ́. Lithium iron phosphate ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n John Goodenough àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Texas, ní ìlú Austin ní Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 1997. Ìdí tí ó fi dára fún ilé ni pé phosphate inú rẹ̀ di ọ́síjìn mú ṣinṣin, nítorí náà kì í tètè gbiná bí irú lithium mìíràn tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ fóònù. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé kò lè gbiná láé.

Sẹ́ẹ̀lì kan jẹ́ fóòtì 3.2. Bí a bá so mẹ́rin tẹ̀ léra, tí a fi ẹnu + ti ọ̀kan mọ́ ẹnu – ti èkejì, a ó ní fóòtì 12.8. Mẹ́jọ yóò fún wa ní 25.6, mẹ́rìndínlógún yóò sì fún wa ní 51.2. Ààlà òkè wà tí sẹ́ẹ̀lì kan kò gbọdọ̀ kọjá, èyí ni fóòtì 3.65. Ààlà ìsàlẹ̀ sì wà tí kò gbọdọ̀ já sí, èyí ni fóòtì 2.5. Ẹ fi àmì méjèèjì yìí sọ́kàn.

Ẹ jẹ́ kí á fi ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin ṣe àpèjúwe. Ó ń fi ṣíbí bù ẹ̀kọ gbígbóná fún wọn, iye ṣíbí tí ó bá sì fún ọ̀kan ni ó gbọdọ̀ fún gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ti jẹ àkàrà kí ó tó jókòó. Bí ìyá bá ń ka ṣíbí nìkan, tí kò wo ikùn ọmọ, èyí tí ó ti jẹ àkàrà yóò bì kí àwọn yòókù tó yó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni sẹ́ẹ̀lì tí a so tẹ̀ léra. Iye iná kan náà ni ó ń gba inú gbogbo wọn kọjá. Èyí tí ó bá kọ́kọ́ kún ni ewu yóò kọ́kọ́ dé bá.

Ẹ wá wo ìṣirò rẹ̀. Cháájà tí a ṣe fún sẹ́ẹ̀lì mẹ́rin lè máa cháàjì títí dé fóòtì 14.6, nítorí pé 3.65 ní ọ̀nà mẹ́rin ni 14.6. Bí mẹ́ta nínú wọn bá wà ní 3.45, àròpọ̀ wọn jẹ́ 10.35. Kí ni ó kù fún ẹ̀kẹrin? Fóòtì 4.25 ni! Cháájà yóò máa fi 14.6 hàn, yóò dà bí ẹni pé ohun gbogbo dára, nígbà tí ọ̀kan ti kọjá ààlà jìnnà. Oje inú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í di gáàsì, sẹ́ẹ̀lì a wú, ihò ààbò rẹ̀ a ṣí, gáàsì tí ó tú jáde a sì lè gbiná. Nítorí náà, àròpọ̀ nìkan kò tó wò. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ máa wò.

Ẹnìkan lè béèrè pé, “Ṣebí ilé-iṣẹ́ kan náà ni ó ṣe gbogbo wọn?” Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá kan náà ni ìka márùn-ún, wọn kò sì dọ́gba. Ọ̀kan lè tètè máa pàdánù iná bí ó ti wà nílẹ̀, ọ̀kan lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ó gbóná, ọ̀kan sì lè jẹ́ tòkunbọ̀ tí a fi lúlú mọ́ tuntun. Ohun tí ó tún mú ọ̀rọ̀ náà le ni pé fóòtì bátìrì yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà láàárín. Bóyá ìdá mẹ́ta ni iná inú rẹ̀ kù o, bóyá ìdá méjì nínú mẹ́ta ni o, nǹkan bíi 3.2 sí 3.3 ni ẹ ó máa rí. Ẹni tí ó bá wọn sẹ́ẹ̀lì mẹ́rin ní àárín, tí ó rí iye kan náà, tí ó wá ní wọ́n dọ́gba, ó tan ara rẹ̀ jẹ. Òkè, nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kún, ni ìyàtọ̀ wọn máa ń yọ.

Báwo ni a ṣe ń mú wọn dọ́gba kí á tó tò wọ́n sínú àpótí? Èkíní, ẹ so wọ́n tẹ̀ léra pẹ̀lú BMS, èyíinì ni pátákó kékeré tí ó ní wáyà lọ sára sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, tí ó sì ń gé iná bí ọ̀kan bá dé ààlà. Ẹ cháàjì wọn títí BMS yóò fi gé e. Èkejì, ẹ tú wọn, kí ẹ so gbogbo ẹnu + pọ̀ mọ́ ara wọn, kí ẹ sì so gbogbo ẹnu – pọ̀. Ẹ má ṣe so èyí tí ó ṣófo mọ́ èyí tí ó kún, nítorí iná yóò rọ́ láti inú ọ̀kan sínú èkejì pẹ̀lú agbára. Ẹ̀kẹta, ẹ gbé ẹ̀rọ cháájà tí a lè yí fóòtì rẹ̀, ẹ yí i sí 3.65 kí ẹ tó so ó mọ́ sẹ́ẹ̀lì, kí ẹ sì fi mítà wọ̀n ọ́n kí ó dá yín lójú. Nígbà tí ámpíà tí ń wọlé bá ti lọ sílẹ̀ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di òfo, ẹ pa á. Ẹ má fi í sílẹ̀ sun.

Iṣẹ́ yìí ń fẹ́ sùúrù. Sẹ́ẹ̀lì mẹ́rin tí wọ́n kọ 100Ah sí lára, bí a bá so wọ́n pọ̀ báyìí, di 400Ah. Bí wọ́n bá ṣófo dé ààbọ̀, ẹ̀rọ tí ń mú ámpíà 10 wá yóò lo nǹkan bí ogún wákàtí. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ kọ́kọ́ cháàjì wọn pọ̀ pẹ̀lú BMS. Ẹ má ṣe yí fóòtì sókè kí ó lè yá. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Àwọn kan yóò ní BMS yóò mú wọn dọ́gba bó bá yá. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ BMS máa ń sọ ìwọ̀nba iná inú èyí tí ó kún jù di ooru, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni. Bí ó bá jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá ámpíà ni ó ń yọ, tí sẹ́ẹ̀lì kan sì fi 10Ah ṣíwájú àwọn yòókù, ọgọ́rùn-ún wákàtí ni yóò gbà á. BMS dà bí ọdẹ tí ń ṣọ́ ilé. A gbà á síṣẹ́ nítorí olè, síbẹ̀ a kì í fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí.

Ilẹ̀kùn yẹn ni cháájà. Fún sẹ́ẹ̀lì mẹ́rin, ẹ jẹ́ kí ó dúró ní 14.2, fún mẹ́jọ, 28.4, fún mẹ́rìndínlógún, 56.8. Ẹ má ṣe fi cháájà bátìrì olómi ṣe é bí a kò bá lè yí i, nítorí àwọn kan a máa gbé fóòtì sókè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti fọ bátìrì olómi, èyí sì lè pa tiwa. Ámpíà tí ń wọlé kò gbọdọ̀ ju ìdajì iye tí a kọ sára sẹ́ẹ̀lì, àfi bí ìwé ilé-iṣẹ́ bá gbà á. Fún 100Ah, 50 ni òpin, 20 sí 30 sì tura jù.

Ooru ni ọ̀tá rẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Ẹ má gbé e sí abẹ́ páànù tí oòrùn ń pa, tàbí sí ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀. Ẹ̀yin ọmọ wa ní Ìlú Ọba àti ní Amẹ́ríkà, òtútù ni tiyín: bí bátìrì bá tutù dé ibi tí omi ń di yìnyín, ẹ má cháàjì í títí yóò fi móoru.

Kí oníṣẹ́ tó fọwọ́ kàn án, kí ó bọ́ òrùka, aago ọwọ́ àti ẹ̀wọ̀n ọrùn. Kí ó fi téèpù wé sípánà, kí ó sì fi fíúsì sí ẹ̀bá ẹnu +. Ẹ má gbé àpótí náà sí yàrá tí ẹ ń sùn tàbí sí ọ̀nà tí ẹ ó gbà sá jáde. Sẹ́ẹ̀lì tí ó bá wú, tàbí tí fóòtì rẹ̀ ti já sí ìsàlẹ̀ 2, ẹ má gbìyànjú láti jí i.

Ní oṣooṣù, nígbà tí bátìrì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kún lọ́sàn-án, ẹ wọn sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé. Bí ọ̀kan bá ń yọ sókè ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ lóṣù yìí, tí ó tún yọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lóṣù tí ń bọ̀, ẹ tètè ránṣẹ́ pe oníṣẹ́. Ó dìgbà o.