Ìwé Ìdáná fún Sọ́fútíwíà: Iṣẹ́ Akọ̀wé Tí Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ Lè Ṣe

Nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, láíbírì ni wọ́n ń pe àkójọ kóòdù tí àwọn kan ti kọ sílẹ̀ kí àwọn mìíràn lè mú un lò nínú iṣẹ́ tiwọn láìtún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí àwọn tó ni ín bá sì fún gbogbo ènìyàn láyè láti ka kóòdù náà, láti lò ó, láti tún un ṣe àti láti pín in kiri, ó ti di ohun tí wọ́n ń pè ní open source, ìyẹn sọ́fútíwíà olójú-ṣíṣí. Òkìkí àwọn tó ń kọ kóòdù náà máa ń kàn. Àwọn tó ń kọ àlàyé bí a ṣe ń lò ó kì í fi bẹ́ẹ̀ lórúkọ, bẹ́ẹ̀ sì rèé, láíbírì tí kò ní àlàyé kò lè fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún ẹlòmíràn yàtọ̀ sí ẹni tó kọ ọ́.

Daniele Procida, tó ti kópa nínú iṣẹ́ láíbírì Django, pín irú àlàyé bẹ́ẹ̀ sí mẹ́rin nínú ètò tó pè ní Diátaxis: ẹ̀kọ́ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ìtọ́sọ́nà fún ẹni tó ní iṣẹ́ kan pàtó láti ṣe, àkọsílẹ̀ atọ́ka tó to gbogbo ohun tó wà nínú láíbírì lẹ́sẹẹsẹ, àti àlàyé ìdí abájọ. Ìkejì nínú wọn ni àwọn onímọ̀ sábà máa ń kó jọ sínú ohun tí wọ́n ń pè ní ìwé ìdáná, nítorí pé ẹni tó ṣí ìwé ìdáná kò wá ka ìtàn ata, ọbẹ̀ ló fẹ́ sè. Ìwé Perl Cookbook, tí Tom Christiansen àti Nathan Torkington gbé jáde ní ọdún 1998, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó sọ irú ìwé yìí di gbajúmọ̀: wọ́n á kọ́kọ́ sọ ìṣòro, ojútùú á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá jíròrò lórí rẹ̀.

Láíbírì pandas, tí Wes McKinney bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2008 lórí èdè Python fún títo dátà àti ṣíṣe ìṣirò lórí rẹ̀, ní ojú ìwé tirẹ̀ tó ń jẹ́ Cookbook, àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ sì sọ ọ́ síbẹ̀ pé fífi àpẹẹrẹ kún un jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ tó dára fún ẹni tó bá fẹ́ dá sí iṣẹ́ náà.

Irú àpẹẹrẹ bẹ́ẹ̀ tó lè ti Àpápá ní ìlú Èkó wá kò wọ́n. Ní àgbègbè èbúté Àpápá àti ti Tin Can Island, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1977, nọ́ńbà kọ̀ǹténà ni gbogbo ìwé ẹrù rọ̀ mọ́. Ìlànà àgbáyé ISO 6346 ló ṣètò nọ́ńbà yìí: lẹ́tà mẹ́rin ló ṣíwájú, tí mẹ́ta àkọ́kọ́ ń tọ́ka sí ẹni tó ni kọ̀ǹténà, nọ́ńbà mẹ́fà tẹ̀ lé wọn, ẹyọ kan tó gbẹ̀yìn sì wà láti jẹ́rìí pé àwọn mẹ́wàá tó ṣíwájú kò ní àṣìṣe. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀. A ó fi 1 sọ èyí tó wà ní ipò kìn-ín-ní di púpọ̀, a ó fi 2 sọ ti ìkejì, a ó fi 4 sọ ti ìkẹta, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ títí dé 512, a ó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, a ó fi 11 pín in, èyí tó bá ṣẹ́kù ni ẹyọ tó yẹ kó gbẹ̀yìn. Bí ó bá sì jẹ́ 10, 0 ni wọn yóò kọ. Nínú àpẹẹrẹ CSQU3054383, àròpọ̀ jẹ́ 6185, ohun tó ṣẹ́kù sì jẹ́ 3. Bí ẹni tó ń kọ ìwé ẹrù bá ṣèèṣì fi 5 àti 4 rọ́pò ara wọn, àròpọ̀ á di 6249, 1 ni yóò ṣẹ́kù, àṣìṣe á sì ti hàn kí ìwé tó dé iwájú àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù.

Láíbírì olójú-ṣíṣí kan tó ń jẹ́ python-stdnum ti ní kóòdù tó ń ṣe ìṣirò yìí. Àkọsílẹ̀ atọ́ka á sọ fún òǹkàwé pé kóòdù náà wà, ṣùgbọ́n agẹ́ńtì tó ń bá ènìyàn gba ẹrù jáde ní èbúté, tó ní ọgọ́rùn-ún kọ̀ǹténà nínú fáìlì kan, nílò nǹkan mìíràn: bí yóò ṣe fi pandas ka fáìlì náà, bí yóò ṣe mú àlàfo kúrò láàárín nọ́ńbà, bí yóò ṣe yẹ ìlà kọ̀ọ̀kan wò, àti bí yóò ṣe ṣa àwọn tí kò pé jáde. Níbẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n akọ̀wé ti ń hàn. Bí fáìlì àtẹ náà, irú èyí tí wọ́n ń pè ní CSV, bá ní ọjọ́ tí wọ́n kọ ní 03/04/2024, tí wọ́n sì ní kí pandas kà á gẹ́gẹ́ bí ọjọ́, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ni yóò pè é, bí ará Amẹ́ríkà ti ń kọ ọ́, àfi bí a bá kọ dayfirst=True mọ́ ọn; iye owó tí wọ́n sì kọ ní 1,250,000 á di ọ̀rọ̀ lásán lójú rẹ̀ tí a kò bá sọ fún un pé àmì ìdánudúró díẹ̀ (,) ló pín ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Bí pandas bá ṣi ọjọ́ kà báyìí, ìṣirò owó ìdádúró kọ̀ǹténà, tí wọ́n ń pè ní demurrage, á fi oṣù kan yẹ̀, kò sì sí ohun tí yóò kìlọ̀ fún ẹni tó ń ṣe é. Ìtọ́sọ́nà tí kò bá sọ èyí kò tíì parí iṣẹ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ náà ní ìtọ́jú lẹ́yìn pẹ̀lú. Nígbà tí pandas 2.0 jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2023, wọ́n yọ append kúrò lára ohun tí a lè fi fi ìlà kún àtẹ, gbogbo àpẹẹrẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e sì dẹ́kun iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá ti gba ẹ̀dà tuntun. Nítorí náà, akọ̀wé tó mọṣẹ́ máa ń kọ ẹ̀dà láíbírì tó lò sílẹ̀, ó máa ń fúnra rẹ̀ dán kóòdù wò, ó sì máa ń fi ohun tó yẹ kí òǹkàwé rí lójú kọ̀ǹpútà hàn án.

Ní Nàìjíríà, ẹgbẹ́ Open Source Community Africa, tí Samson Goddy àti Ada Nduka Oyom dá sílẹ̀ ní ọdún 2018, ti ń pe àwọn ọ̀dọ́ sínú irú iṣẹ́ yìí, ìlú Èkó ni wọ́n sì ti ṣe àpéjọ ńlá wọn àkọ́kọ́ ní oṣù kejì ọdún 2020. Google náà bẹ̀rẹ̀ ètò Season of Docs ní ọdún 2019, èyí tó mú kí akọ̀wé gba owó lórí àlàyé sọ́fútíwíà olójú-ṣíṣí, ohun tó ṣọ̀wọ́n tẹ́lẹ̀.

Bọ́ọ̀lù àti orin ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ Ajégúnlẹ̀ tó wà nítòsí Àpápá, ilé Odion Ighalo àti Daddy Showkey, ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni àjọ Paradigm Initiative, tí 'Gbenga Sesan dá sílẹ̀ ní ọdún 2007, ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ètò Ajegunle.org kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní kọ̀ǹpútà, kí ètò náà tó gbòòrò di LIFE, tó fi ẹ̀kọ́ nípa owó àti okòwò kún un. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ní ohun kan tí ọ̀gá kóòdù ti pàdánù: ó ṣì rántí ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọ́, ó sì mọ ohun tí àlàyé fò kọjá. Tí ará ilé rẹ̀ bá tún ń ṣiṣẹ́ ní pọ́ọ̀tù, ìṣòro tó yẹ kó kọ nípa rẹ̀ ti wà nílé. Iná àti dátà wọ́n, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n Google Colab ń jẹ́ kí ènìyàn dán kóòdù Python wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìra kọ̀ǹpútà alágbára.

Ó yẹ kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ní Ajégúnlẹ̀ sọ ọ́ di dandan pé kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan kọ ìtọ́sọ́nà kan lórí iṣẹ́ gidi kan ní Àpápá, kí ó dán an wò, kí ó sì fi í ránṣẹ́ sí àwọn tó ni láíbírì tó lò kí ó tó gba ìwé ẹ̀rí. Kí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń fi láíbírì wọ̀nyí ṣòwò ní èbúté náà sì máa san owó fún akọ̀wé bí wọ́n ti ń san án fún ẹni tó kọ kóòdù.