Pápá Ọkọ̀ Òfurufú Ọmọ Ogun Ojú Omi ní Wildwood: Bí Ibi Ogun Ṣe Di Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé

1. Ìfáárà

Bí ogun bá tán, ohun tí ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ sí ibi tí a ti gbára dì fún un ni pé kí wọ́n wó o, tàbí kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún òjò àti oòrùn. Nínú iṣẹ́ yìí, a ó ṣe àyẹ̀wò ibì kan tí ó bọ́ lọ́wọ́ méjèèjì, èyíinì ni pápá ọkọ̀ òfurufú ọmọ ogun ojú omi ní Wildwood, ní Cape May, ìpínlẹ̀ New Jersey, ní Amẹ́ríkà. Ìbéèrè wa ni pé: kí ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé irú èyí gbọ́dọ̀ pa mọ́?

2. Ìtàn ibẹ̀

Ní 1943 ni pápá yìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ibẹ̀ ni àwọn awakọ̀ ti ń kọ́ bí a ti ń ju bọ́ǹbù láti inú ọkọ̀ tí ó dorí kodò. Awakọ̀ yóò gòkè lọ réré, yóò dorí ọkọ̀ kọ ohun tí ó fẹ́ bà, yóò sọ bọ́ǹbù sílẹ̀, yóò sì gbé imú ọkọ̀ sókè kí ó tó kan ilẹ̀ tàbí omi. Bí ó bá pẹ́ díẹ̀, ó parí nìyẹn. Ọmọ ogun 42 ni ó kú sẹ́nu ìdánilẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ láàárín 1943 sí 1945, láìjẹ́ pé ọ̀tá yìnbọn lù wọ́n.

Gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n ń kó ọkọ̀ sí ni a kọ́ ní 1942. Igi ni wọ́n fi kọ́ ọ, nítorí pé irin ṣọ̀wọ́n lákòókò ogun. Ilẹ̀ rẹ̀ tó 92,000 ẹsẹ̀ bàtà níbùú lóròó. Lẹ́yìn ogun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ní 1997, Joseph Salvatore àti aya rẹ̀ rà á láti tún un ṣe, a sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn ibi ìtàn orílẹ̀-èdè náà.

3. Ilé tí ó wà láàyè

Nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé púpọ̀, a mú ohun kúrò ní ipò rẹ̀ kí a tó fi hàn. Ní Wildwood, gbọ̀ngàn náà gan-an ni ohun àkọ́kọ́ tí à ń wò. Ọkọ̀ òfurufú sì ń bà ní pápá náà títí di òní.

Ẹnì kan lè sọ pé bí a bá ti ń pààrọ̀ pákó rẹ̀, kì í ṣe ilé àtijọ́ mọ́. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọdọọdún ni a ń fi aṣọ tuntun kún ẹ̀kú egúngún, síbẹ̀ egúngún ìdílé náà ni. Ohun tí ó yẹ kí ó bà wá lẹ́rù ni pé kí ọkọ̀ dídán gba ojú àlejò débi pé kò ní rántí àwọn tí ó kú nínú irú rẹ̀.

4. Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé ìrántí àwọn 42 náà ni ìdí tí ilé yìí fi yẹ ní títọ́jú. Ìtàn ogun sábà máa ń ka òkú ojú ìjà, kì í fi bẹ́ẹ̀ ka òkú ẹnu ẹ̀kọ́. Níwọ̀n ìgbà tí gbọ̀ngàn onígi yìí bá ṣì dúró, wọn kò ní bọ́ sílẹ̀ nínú kíkà náà.