Ẹ Wo Iná Tó Kù nínú Kọ̀ǹpútà Kí Ẹ Tó Bẹ̀rẹ̀ Iṣẹ́

 

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí jẹ mọ́ kọ̀ǹpútà alágbèéká. Kọ̀ǹpútà yìí ṣeé pa dé bí ìwé. A lè gbé e sábẹ́ apá kí a sì máa lọ. Láyé àtijọ́, ọ́fíìsì ìlú ńlá ni a ti ń rí kọ̀ǹpútà. Lónìí, ó ti wọ abúlé. Akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ olówùú ń fi kọ iye kílò tí olúkúlùkù kó wá. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń dá owó jọ ń fi kọ orúkọ ẹni tó ti san àti ẹni tí kò tíì san. Olùkọ́ ń fi kọ máàkì àwọn ọmọ iléèwé.

Bátìrì wà nínú kọ̀ǹpútà náà. Bátìrì yìí ló ń gbé iná pamọ́, òun ló sì ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ níbi tí kò sí iná mànàmáná. Ṣùgbọ́n iná inú bátìrì ń tán. Ó dà bí epo inú àtùpà. Ta ni yóò gbé àtùpà jáde lóru láìkọ́kọ́ mì í, kí ó gbọ́ bóyá epo ṣì wà níbẹ̀? Kọ̀ǹpútà kò ṣeé mì. Ojú ni a fi ń wo iná rẹ̀. Àwọn àgbà ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ẹni tó bá mọ nọ́ńbà kà lè wò ó. Ẹ̀yin náà ti mọ̀ ọ́n kà.

KÍ LÓ Ń ṢẸLẸ̀ BÍ INÁ BÁ TÁN LÓJIJÌ?

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ọjọ́ tí a ń wọn òwú ni. Láti àárọ̀ ni akọ̀wé ti ń kọ orúkọ àwọn àgbẹ̀ àti kílò òwú wọn sínú kọ̀ǹpútà. Ó ti kọ ti àgbẹ̀ 60. Àwọn àgbẹ̀ ti lọ sílé, wọ́n ti kó òwú lọ pẹ̀lú. Lójijì, ojú kọ̀ǹpútà ṣú. Iná ti tán nínú bátìrì, akọ̀wé kò sì tíì fi iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́.

Ohun tí a kọ tí a kò tíì fi pamọ́ lè sọnù. Nígbà mìíràn kọ̀ǹpútà lè rí díẹ̀ nínú rẹ̀ mú padà, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a gbẹ́kẹ̀ lé e. Ta ni yóò wá rántí kílò ènìyàn 60? Ẹnìkan yóò sọ pé 400 ni òun kó wá. Akọ̀wé yóò sọ pé ó jọ pé 350 ni. Ìjà dé nìyẹn. Iná ló tán, ṣùgbọ́n ìgbẹ́kẹ̀lé ló máa bàjẹ́ láàárín ẹgbẹ́.

Nítorí náà, ohun méjì ni kí a mọ̀: bí a ṣe ń wo iná tó kù, àti bí a ṣe ń fi iṣẹ́ pamọ́ kí iná tó tán.

NÍBO NI A TI Ń WO Ó?

Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká ló ń lo ètò tí wọ́n ń pè ní Windows. Lórí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, ẹ ṣe báyìí:

1. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà, ní igun ọwọ́ ọ̀tún, níbi tí aago wà. Ẹ ó rí àwòrán bátìrì kékeré kan. Ó dà bí àpótí kékeré tí a fi dùbúlẹ̀, tó ní orí kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí iná bá ṣe pọ̀ tó ni inú àwòrán náà ṣe ń kún tó.

2. Ẹ fa ọfà kékeré tó wà lójú kọ̀ǹpútà lọ sórí àwòrán náà. Ẹ má tẹ nǹkan kan. Ẹ dúró díẹ̀. Nọ́ńbà kan yóò jáde pẹ̀lú àmì yìí: %. Fún àpẹẹrẹ: 64 %.

3. Bí ẹ kò bá rí àwòrán náà, ẹ wá ọfà kékeré kan tó kọjú sókè, nítòsí aago. Ẹ tẹ̀ ẹ́. Àwọn àwòrán tó fara pamọ́ yóò jáde, ti bátìrì sì lè wà láàárín wọn.

4. Bí ẹ kò bá rí i síbẹ̀, ẹ wo bọ́tìnnì tí wọ́n ya àpótí kékeré mẹ́rin sí, ní ìsàlẹ̀, lápá òsì. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ẹ sì tẹ lẹ́tà I. Ojú ìwé kan yóò ṣí. Bí kọ̀ǹpútà bá ń sọ Faransé, ẹ ó rí «Paramètres» níbẹ̀. Ẹ tẹ «Système». Lẹ́yìn náà, ẹ wá ìlà tí ọ̀rọ̀ «batterie» wà nínú rẹ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Nọ́ńbà náà yóò hàn gbangba.

Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà Apple ni ẹ ní, òkè ni kí ẹ wò, ní ọwọ́ ọ̀tún. Ibẹ̀ ni àwòrán bátìrì tirẹ̀ máa ń wà.

KÍ NI NỌ́ŃBÀ NÁÀ Ń SỌ?

Ẹ ronú nípa àpò àgbàdo kan tó gba igbá 100. Bí àpò bá kún, igbá 100 ló wà nínú rẹ̀. Bí a bá ti bu igbá 36, ó ku 64. Bẹ́ẹ̀ ni bátìrì rí. Bí ó bá kọ 100 %, ó kún. Bí ó bá kọ 50 %, ó ku ìlàjì. Bí ó bá kọ 25 %, ó ku ìdá kan nínú mẹ́rin.

Ẹ tún wo àwòrán náà dáadáa. Bí kọ̀ǹpútà bá ń gba iná lọ́wọ́, àmì mìíràn máa ń wà lára àwòrán náà. Ó lè dà bí orí wáyà tí a ń kì bọ ara ògiri, tàbí bí mànàmáná. Àmì yìí ṣe pàtàkì. Wáyà lè wà lára kọ̀ǹpútà, kó sì jẹ́ pé iná ìlú ti lọ, tàbí pé orí wáyà ti yọ díẹ̀ lára ògiri. Kọ̀ǹpútà kò ní pariwo. Yóò kàn bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ iná inú bátìrì ni. Ẹni tó ń wo wáyà nìkan yóò rò pé iná ń wọlé. Ẹni tó bá wo àmì ni yóò mọ òótọ́.

NỌ́ŃBÀ NÁÀ KÌ Í ṢE WÁKÀTÍ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń béèrè pé: «50 % yìí, wákàtí mélòó ni?» Iṣẹ́ tí a bá ń ṣe ló ń dáhùn.

Wọ́n máa ń kọ ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà sí ara rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà Wh. Ẹ jẹ́ kí a mú bátìrì 40 Wh. Bí iṣẹ́ wa bá ń jẹ 10 ní wákàtí kan, 40 yóò gbé wa dé wákàtí 4. Bí ó bá ń jẹ 20 ní wákàtí kan, wákàtí 2 péré ni. Bátìrì kan náà ni, iṣẹ́ ló yàtọ̀. Kíkọ orúkọ àti nọ́ńbà kì í jẹ iná púpọ̀. Wíwo fídíò ń jẹ ẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ojú kọ̀ǹpútà bá mọ́lẹ̀ jù, ó ń jẹ iná. Íntánẹ́ẹ̀tì náà ń jẹ ẹ́.

Ọ̀nà kan wà tí ẹ lè fi mọ ti kọ̀ǹpútà yín. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ kọ aago àti nọ́ńbà bátìrì sínú ìwé. Lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ tún wò ó. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ó jẹ́ 80 ní aago 8, ó sì di 60 ní aago 9. 80 dín 60 jẹ́ 20. Iṣẹ́ yín ń jẹ 20 ní wákàtí kan. 60 tó kù lè gbé yín dé nǹkan bíi wákàtí 3. Ṣùgbọ́n ọlọ́gbọ́n àgbẹ̀ kì í jẹ irúgbìn tán. Ẹ fi 20 sílẹ̀. Yóò ku 40. Nítorí náà, iṣẹ́ wákàtí 2 ni kí ẹ ṣètò fún.

Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ máa ń kìlọ̀ nígbà tí iná bá fẹ́ tán. Lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìkìlọ̀ náà ń wá nígbà tó bá ku bíi 10 %. Ẹ má dúró de ìgbà náà. Bí bátìrì bá ti gbó, ó lè kọ 15 % kí ó sì kú lójijì.

BÁTÌRÌ Ń DÀGBÀ

Ọdún 1991 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta irú bátìrì tó wà nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká òde òní. Lítíọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń ṣe é. Ní ọdún 2019, wọ́n fún ọ̀mọ̀wé mẹ́ta tó ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ ní ẹ̀bùn Nobel: John Goodenough, Stanley Whittingham àti Akira Yoshino. Bátìrì náà dára, ṣùgbọ́n ó ń dàgbà bí ènìyàn. Bí a bá ti ń fún un ní iná tí a sì ń lò ó, lọ́dọọdún ni ìwọ̀n iná tó lè gbà ń dín kù.

Nítorí náà, 100 % ti bátìrì tuntun àti 100 % ti bátìrì ògbólógbòó kì í ṣe ọgbọọgba. Ìkòkò ńlá kún, ìkòkò kékeré náà kún. Omi inú wọn kò dọ́gba.

Akọ̀wé tó ti mọ kọ̀ǹpútà díẹ̀ lè wò bí ìkòkò náà ti kéré tó. Lórí Windows, kí ó wá ibi tí a ti ń wá nǹkan, kí ó kọ cmd, kí ó sì tẹ bọ́tìnnì Entrée. Ojú dúdú kan yóò ṣí. Kí ó kọ powercfg /batteryreport síbẹ̀, kí ó fi àyè sílẹ̀ ṣáájú ìlà tó dagun, kí ó sì tún tẹ Entrée. Kọ̀ǹpútà yóò kọ ìwé kan, yóò sì sọ ibi tó fi ìwé náà sí. Nínú ìwé náà, kí ó wá DESIGN CAPACITY: ìwọ̀n iná tí bátìrì ń gbà nígbà tó wà ní tuntun nìyẹn. Kí ó tún wá FULL CHARGE CAPACITY: ìwọ̀n tó ń gbà nísinsìnyí nìyẹn. Bí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ 50 000 tí èkejì sì jẹ́ 30 000, ìdá 60 nínú 100 ló kù. Ẹgbẹ́ lè fi èyí mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó bátìrì tuntun. Ó sì dára kí ẹ wo ìwé yìí kí ẹ tó fi owó ra kọ̀ǹpútà àlòkù.

Ooru ni ọ̀tá bátìrì. Ẹ má fi kọ̀ǹpútà sínú oòrùn, tàbí sínú ọkọ̀ tí a pa dé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ má gbé e lé orí bẹ́ẹ̀dì nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, nítorí aṣọ ń dí ihò tí ooru rẹ̀ ń gbà jáde. Bí ẹ bá rí i pé ikùn kọ̀ǹpútà ń wú, ẹ pa á, ẹ yọ wáyà rẹ̀, kí ẹ gbé e lọ bá ẹni tó ń tún un ṣe. Ẹ má gún bátìrì tó wú, ẹ má sì jù ú sínú iná. Ó lè gbiná.

OHUN TÍ A Ó MÁA ṢE

Kí ẹ tó jáde nílé, ẹ wo nọ́ńbà. Bí kò bá tó iṣẹ́ ọjọ́ náà, ẹ fún un ní iná kí ẹ tó lọ.

Bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́, ẹ máa fi í pamọ́ léraléra. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Ctrl mọ́lẹ̀, kí ẹ sì tẹ lẹ́tà S. Tàbí kí ẹ tẹ ọ̀rọ̀ «Enregistrer». Ẹ ṣe é lẹ́yìn orúkọ mẹ́wàá mẹ́wàá.

Bí iná bá ń lọ sílẹ̀, ẹ dín ìmọ́lẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà kù, kí ẹ sì pa ohun tí ẹ kò lò. Níbi tí ẹ ti rí «batterie», ẹ wá ọ̀rọ̀ «Économiseur», kí ẹ tan án. Yóò bá yín ṣọ́ iná ná.

Bí ó bá ku 20 %, ẹ fi iṣẹ́ pamọ́, ẹ pa kọ̀ǹpútà, kí ẹ mú bíìkì àti ìwé. Kò sí ìtìjú nínú rẹ̀. Ìwé kì í tán iná.

ÌBÉÈRÈ FÚN ẸGBẸ́ AGBỌ́RÉDÍÒ

1. Níbo ni àwòrán bátìrì wà lójú kọ̀ǹpútà Windows?
2. Wáyà wà lára kọ̀ǹpútà. Báwo ni a ṣe lè mọ̀ bóyá iná ń wọlé lóòótọ́?
3. Ní aago 10, bátìrì jẹ́ 90 %. Ní aago 11, ó di 75 %. Bí a bá fẹ́ fi 15 % sílẹ̀, wákàtí mélòó ni a ṣì lè fi ṣiṣẹ́?
4. Ta ni yóò máa wo bátìrì kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ wa ṣáájú ọjọ́ ìpàdé? Ẹ yan ènìyàn kan lónìí, kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.