Kọ̀ǹpútà Inú Kọ̀ǹpútà

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá yín sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi.

Ní ọdún 2019, mo fẹ́ kọ́ Linux, èyí tí ó ń darí kọ̀ǹpútà gẹ́gẹ́ bí Windows tí púpọ̀ nínú wa mọ̀, kí n lè fi kọ́ àwọn ọmọ iléèwé mi. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni ó wà nílé wa. Mo ní kí n fi Linux sí ẹ̀gbẹ́ Windows inú rẹ̀. Ìbéèrè kan yọ síta, n kò kà á tán tí mo fi gbà. Àṣé ohun tí ó ń bèèrè ni pé ṣé kí òun nu gbogbo disk náà mọ́. Ó sì nù ún mọ́ tónítóní.

Ìwé gbèsè ìyàwó mi wà níbẹ̀. Ànkárá ni ó ń tà ní Gbági, n'Ìbàdàn, àwọn tí wọ́n ra aṣọ àwìn nígbà ọdún kò sì kéré. Àwọn olóòótọ́ wá san. Àwọn yòókù ní kí ó mú ìwé wá kí àwọn rí i. Fún oṣù kan gbáko, oúnjẹ nìkan ni ó ń gbé ka iwájú mi, kò sí ọ̀rọ̀. Nígbà tí ó la ẹnu, ó ní: “Bàbá Bọ́lá, ẹ ò gbọdọ̀ fi kọ̀ǹpútà yìí kọ́ nǹkan kan mọ́ láé.”

Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan tí ó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà l'Ékòó ni ó yọ mí. Ó ní, “Ẹ má bínú, sà, virtual machine ló yẹ kí ẹ lò.” Mo ní kí ni ìyẹn? Ó ní kí n wo onílé tí ó fi yàrá kan háyà. Ohun tí ayálégbé bá fọ́ nínú yàrá rẹ̀ kò dé pálọ̀ onílé. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kọ̀ǹpútà kejì ṣe ń gbé inú èyí tí a ní: ó rò pé òun ní disk tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ fáìlì ńlá kan lásán ni, nínú disk ti onílé.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. Láti bí ọdún 1960 sí 1970 ni àwọn òṣìṣẹ́ IBM ní Cambridge, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts l'Amẹ́ríkà, ti ń dá a, kí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè pín ẹ̀rọ olówó gọbọi kan lò, kí oníkálukú sì máa rò pé tòun nìkan ni. Èyí tí mo lò ń jẹ́ VirtualBox. Ọdún 2007 ni ó jáde láti Jámánì, ọwọ́ Oracle ni ó wà báyìí, ọ̀fẹ́ sì ni.

Mo gbé e wálẹ̀ láti íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì gbé Ubuntu, tí í ṣe irú Linux kan, tẹ̀ lé e. Ubuntu yìí lé ní 5 GB, nítorí náà ẹ ra dátà òru. Ó kọ̀, kò ṣí. Wọ́n ti pa àyè virtualization nínú BIOS, ibi ètò tí a ń wọ̀ kí Windows tó jí. Mo ṣí i. Lẹ́yìn náà ojúkòkòrò mú mi: mẹ́mórì kọ̀ǹpútà mi jẹ́ 8 GB, mo fún àlejò ní 6. Ńṣe ni àwọn méjèèjì dúró gbagidi bí ewúrẹ́ tí òjò pa. Nígbà tí mo dín in sí 4, tí mo sì fún un ní disk 25 GB, ara tu gbogbo wa. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 4 GB péré, kí ó fi Ubuntu sílẹ̀, kí ó lo Debian tí kò ní àwòrán, 1 GB tó o.

VirtualBox ní òun lè fi Ubuntu síbẹ̀ fúnra òun. Mo ní rárá, ojú mi ni n ó fi rí i. Bí mo ti ń bá a lọ, ìbéèrè àtijọ́ náà tún yọ: ṣé kí n nu disk mọ́? Ọwọ́ mi gbọ̀n. Mo dìde, mo da ìwé gbèsè sínú fláàṣì, mo pe ìyá Bọ́lá kí ó wá jókòó tì mí, mo sì tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ó parí, mo ṣí ìwé rẹ̀ nínú Windows. Gbogbo orúkọ pé, títí kan ti àwọn tí kò fẹ́ san.

Nísinsìnyí, kí àwọn ọmọ tó fọwọ́ kàn án, mo máa ń ya snapshot, èyí tí ó ń pa ipò ẹ̀rọ náà mọ́ bí ó ti wà. Ọmọkùnrin kan fi àṣẹ kan ṣoṣo pa gbogbo fáìlì inú rẹ̀ rẹ́, ó sì bú sẹ́kún. Mo dá a padà sí ipò àná, a bá iṣẹ́ wa lọ. Níbo ni à bá ti kọ́ ọmọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ láìbá bàbá rẹ̀ ṣẹjọ́?

Ìkìlọ̀ mi jẹ́ méjì. Bí ẹ bá ṣí fódà àjọlò láàárín onílé àti àlejò, ìlẹ̀kùn ni ẹ ṣí yẹn, àlejò lè ba ohun inú rẹ̀ jẹ́. Èkejì, inú disk kan náà ni snapshot wà: bí iná bá jó ẹ̀rọ tàbí olè gbé e, gbogbo rẹ̀ bá a lọ.

Mo ṣàlàyé èyí fún ìyá Bọ́lá. Ó na ọwọ́ sí mi: “Ẹ gbé fláàṣì yẹn wá.” Láti ọjọ́ náà, etí ìró rẹ̀ ni ó ń so ó mọ́ bí ó bá ń lọ sí Gbági.