Ọmọ Tó Ń Tu Oúnjẹ Tó Bá Ní Kókó: Báwo La Ṣe Máa Bá A Ṣe É?

Ọ̀rọ̀ ọmọ ọwọ́ la gbé wá lónìí. Ọmọ ti pé oṣù 8, ó ń mu ògì bí ẹni mu omi, àmọ́ kí kókó kékeré kan ṣáà fara kan ahọ́n rẹ̀, á tu ú dà nù, á yíjú, á fẹ́ bì. Ìyá á ní, "Ọmọ yìí ò fẹ́ràn oúnjẹ." Màmá àgbà á ní, "Ẹ gbé e wá, ẹ jẹ́ kí n rọ ọ́."

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dá ọmọ láre. Tó bá ń mu ọmú tàbí ògì, ahọ́n kàn ń ti nǹkan olómi lọ sẹ́yìn ni. Oúnjẹ tó ní kókó yàtọ̀: ahọ́n ní láti gbé e lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu, kí èrìgì rún un, kó tó gbé e mì. Iṣẹ́ tuntun ni, kì í ṣe agídí.

Ṣùgbọ́n ká má tún fi iṣẹ́ náà falẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ká fún ọmọ ní ọmú nìkan fún oṣù 6, lẹ́yìn náà ká fi oúnjẹ kún ọmú. Tó bá fi máa pé ọdún 1, ọ̀pọ̀ ọmọ ló lè jẹ ohun tí ará ilé ń jẹ. Àwọn olùwádìí tó tọpa àwọn ọmọ kan ní agbègbè Bristol, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rí i pé àwọn tí kò bá kókó pàdé títí wọ́n fi kọjá oṣù 9 ṣì ń yan oúnjẹ jẹ ju ẹgbẹ́ wọn lọ nígbà tí wọ́n di ọmọ ọdún 7. Yàtọ̀ síyẹn, omi ló pọ̀ jù nínú ògì tó ṣàn. Ó ń kún ikùn, kò sì ní èròjà iron tó tí ẹ̀jẹ̀ ọmọ nílò lẹ́yìn oṣù 6.

Báwo la ṣe máa ṣe é? Bí ẹni gun àkàbà ni.

Àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí ògì ki. Ẹ fi ṣíbí bù ú, kẹ́ ẹ dẹ ṣíbí náà wò. Tó bá ń ṣàn, kò tíì ki tó. Ẹ po ẹja tẹ́ ẹ ti yọ egungun rẹ̀, tẹ́ ẹ sì lọ̀ kúnná, mọ́ ọn.

Èkejì, ẹ gbé blender tì, ẹ mú fọ́ọ̀kì. Ẹ fi tẹ iṣu sísè, ọ̀dùnkún, píà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tàbí mọ́ínmọ́ín. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kúnná lónìí. Tó bá di ọjọ́ mẹ́ta sí i, ẹ dín títẹ̀ kù díẹ̀. Àmọ́ ẹ má ju kókó sínú ògì tó ṣàn o. Omi á wọlé, kókó á ṣẹ́kù sẹ́nu lójijì, èyí gan-an ló ń mú kí ọmọ fẹ́ bì.

Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kó fọwọ́ ara rẹ̀ jẹun. Ẹ gé iṣu sísè tàbí ìbẹ́pẹ pípọ́n gùn bí ìka, kó rọ̀ débi pé tẹ́ ẹ bá fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́, á fọ́. Kí ọmọ jókòó dáadáa, kí àgbàlagbà sì wà níbẹ̀. Tó bá fi para, ẹ jẹ́ kó fi para.

Tó bá kọ̀ ọ́ lónìí, ẹ tún gbé e wá lọ́la. Ó lè tó ìgbà 8 sí 10 kó tó gbà á.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rọ ọmọ. Oúnjẹ lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ, ọmọ á sì máa bẹ̀rù ṣíbí. Ẹ má bá màmá àgbà jà náà. Ẹ fún wọn níṣẹ́ mìíràn: kí wọ́n gbé ọmọ sẹ́sẹ̀, kí wọ́n máa jẹun tiwọn níwájú rẹ̀. Ọmọ á máa wo ẹnu wọn.

Ẹ mọ ìyàtọ̀ yìí: ọmọ tó fẹ́ bì máa ń pariwo, á máa wúkọ́. Èyí tí oúnjẹ há lọ́fun kì í lè sunkún, ètè rẹ̀ á sì máa ṣú. Tí kò bá tíì pé ọdún 1, ẹ dojú rẹ̀ bolẹ̀ lórí apá yín, kí orí rẹ̀ lọ sísàlẹ̀, kẹ́ ẹ fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ gbá a láàárín èjìká méjèèjì lẹ́ẹ̀marùn-ún. Tí kò bá jáde, ẹ yí i padà, ẹ fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ kan tẹ àárín àyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹ máa tún un ṣe títí á fi jáde, kí ẹlòmíì máa wá ọkọ̀. Ẹ má ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun láìrí nǹkan náà. Nítorí èyí, ẹ̀pà odindi kò yẹ ọmọ kékeré. Oyin náà, ó di ẹ̀yìn ọdún 1.

Tó bá ń wúkọ́ ní gbogbo ìgbà tó bá ń jẹun, tí ìwọ̀n rẹ̀ ń wálẹ̀ lórí káàdì, tàbí tó ti ń sún mọ́ ọdún 1 tí kò gba kókó rárá, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ṣíbí méjì tó gbé mì fúnra rẹ̀ sàn ju abọ́ kan tá a fi ipá rọ ọ́ lọ. Ó dìgbà kan ná o.